Ẹnìkejì Rẹ Dà?

Mo parọ́ fún obìnrin tó ń kú lọ, mo sì parọ́ fún ọmọ tí obìnrin náà ń béèrè. Irọ́ kan náà ni, mo kàn pín in sí ọ̀nà méjì ni. Mo sọ fún ìyá pé ọmọ kọ̀, kò wá. Mo sọ fún ọmọ pé ara ìyá ti yá, pé kò fẹ́ àlejò. Ìyá sì kú láìfojú kan ọmọ.

Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú mi, kó yáa ṣí ìwé ìròyìn yìí lọ sí ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń se ọbẹ̀. Mi ò kọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè bá mi nu omijé. Mo kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé irú mi pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin ìyá rere, ẹ̀yin ádímìn ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé kí ẹ tó fọ ẹnu.

Rísíkátù ni orúkọ mi. Ìlọ́bù ni mo ń gbé. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta kí n tó lè kọ orúkọ ara mi sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo wọ yunifọ́ọ̀mù, mo sì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Kò ṣẹ̀ mí.

Àṣírù, ọkọ mi, ló ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ. Àwọn ọmọ inú kíláàsì sọ mí ní Ìyá Kíláàsì. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, wọ́n á sì yíjú sí ògiri láti rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: Ìyáàfin Rachael Ọládiípọ̀, olùkọ́ ìṣirò wa. Ọmọ bíbí Ìfọ́n ni wọ́n, Ìlọ́bù ni ilé ọkọ wọn. Màmá Ọládiípọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Màmá ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Nínú kíláàsì wọn, ọmọ Ìlọ́bù kò gbọdọ̀ jókòó ti ọmọ Ìlọ́bù, ọmọ Ìfọ́n kò sì gbọdọ̀ jókòó ti ọmọ Ìfọ́n. Bẹ́ǹṣì kan, ọmọ Ìlọ́bù kan, ọmọ Ìfọ́n kan. Àwọn ọmọ Ẹ̀rìn ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá tún dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, tí ìyá ọmọ kan bá wá bẹ Màmá pé kí wọ́n ṣí ọmọ òun nípò, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un.

"Ẹ lọ pín ilẹ̀ yín. Bẹ́ǹṣì yìí, tèmi ni."

Wọ́n kọ orúkọ àwọn méjì-méjì náà sínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan, láti ọdún tí wọ́n ti dé ilé-ìwé náà. Bí o kò bá wá sílé-ìwé, ẹnìkejì rẹ ni wọ́n máa bi. Bí o bá gba òdo, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa tún iṣẹ́ náà ṣe. Bí o bá sì dá wá sí ọ́fíìsì wọn, wọn ò ní tíì dáhùn ìkíni rẹ tí wọ́n á ti máa wo ẹ̀yìn rẹ.

"Ẹnìkejì rẹ dà?"

Ẹnìkejì mi ni Fikáyọ̀. Ọmọ Ìfọ́n ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba. Gúgúrú kì í tán nínú àpò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí mi. Òun ló kọ́ mi.

"Ìyá Kíláàsì, ẹ má sunkún mọ́. X yìí kì í ṣe ejò. Nọ́ńbà tó sá pamọ́ ni, ẹ kàn máa wá a ni."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń sunkún lójú rẹ?"

"Ó dáa, ojú yín ló ń làágùn."

Lọ́jọ́ tí a jáde ní ilé-ìwé, a ṣe bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ṣe. A fi máákà àti báírò kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìdágbére sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wa. Màmá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì èmi àti Fikáyọ̀: "Má dá rìn." Wọ́n wá kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹni tó bá máa wá kí àwọn nílé, kó mú ẹnìkejì rẹ̀ dání, nítorí àwọn ò ní ṣíwọ́ bíbéèrè.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Fàthíà, ọmọ Ẹ̀rìn, dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù. Mọ́kàndínlógójì ni wá. Wọ́n fi mí ṣe ádímìn nítorí èmi ni àgbà.

Fún ọdún mẹ́jọ ni a fi ń bára wa yọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó bímọ, ẹni tó ríṣẹ́ sí Òṣogbo. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí a pàdé tí ẹnìkan kò ní sọ ọ́: "Ẹ rántí bí Fikáyọ̀ ṣe máa ń lé Ìyá Kíláàsì kiri nítorí X?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, màá sì tètè yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn.

Nígbà yẹn, èmi náà ti di ẹnìkan. Mo ti ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà. Wọ́n ń pè mí sí ìpàdé àwọn obìnrin kí n wá gbà wọ́n níyànjú. Mo máa ń sọ ìtàn ara mi fún wọn: bí mo ṣe dìde, bí mo ṣe fojú tín-ín-rín ẹ̀rín gbogbo ìlú, bí mo ṣe yege. Àwọn obìnrin á máa pàtẹ́wọ́. Nínú ìtàn tí mo ń sọ yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún dá ìjà sílẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pọ̀ lórí rédíò. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ṣọ́jà dúró lójú títì, ọ̀nà tí a ń gbà lọ sílé-ìwé di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìlọ́bù kan sọ ọ̀rọ̀, ọmọ Ìfọ́n kan dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Èmi tí mo jẹ́ àgbà, tó yẹ kí n pàṣẹ pé kí àwọn méjèèjì dákẹ́, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi lọ́sàn-án gangan, mo sì yọ gbogbo ọmọ Ìfọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógún. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́, ó dùn mọ́ mi bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Fikáyọ̀ ni mo yọ kẹ́yìn. Ọmọ yìí ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Ohun tó kọ síbẹ̀ kí n tó yọ ọ́ ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti rí Màmá láti ọjọ́ tí nǹkan ti dàrú?"

Mo wá kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa àlàáfíà àti ààbò. Ogún ènìyàn fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá mi lóhùn. Ogún! Àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ, tí wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ Ìfọ́n fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n jọ jẹ gúgúrú, tí wọ́n jọ jẹ pàṣán. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó béèrè pé, "Ẹnìkejì mi dà?" Ọwọ́ àdúrà ni wọ́n ní fún un.

Fàthíà nìkan ló kọ nǹkan mìíràn. "Ìyá Kíláàsì, àwa ọmọ Ẹ̀rìn ńkọ́? Ṣé kí a ti máa di ẹrù wa?"

"Fàthíà, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Òun náà pa ohun tó kọ rẹ́.

Oṣù yẹn kan náà ni rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́. Peter, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Èmi ni mò ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń fọ aṣọ wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Nítorí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti kú, ọwọ́ mi ni fóònù wọn ń gbé. Iṣẹ́ ọmọ gidi ni mo ṣe níbẹ̀, èyí gan-an ló sì jẹ́ kí ohun tí mo ṣe burú sí i.

Lọ́jọ́ kìíní tí ohùn wọn padà, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Ẹ kú ìnira. Ṣé ara ń le sí i?"

Wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Ẹnu wọn ti wọ́, ọ̀rọ̀ wọn ń fà, ṣùgbọ́n ojú yẹn kò yí padà.

"Ẹnìkejì rẹ dà?"

"Màmá, ọ̀nà ò dáa. Kónílé-ó-gbélé ni."

"Pè é. Sọ pé mo ní kó máa bọ̀." Wọ́n fi ọwọ́ òsì fa ìwé búlúù yẹn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ fi èyí lé lọ́wọ́. Kí ẹ máa lọ sí ilé-ìwé lọ́dọọdún, kí ẹ máa bá mi kọ orúkọ àwọn ọmọ. Méjì-méjì. Ẹ̀yin méjèèjì o, Rísíkátù."

Mo mú fóònù mi, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lójú fóònù náà: Fikáyọ̀ Bẹ́ǹṣì. Ó ku kí n tẹ̀ ẹ́.

Mo dúró. Mo rí i bí ó ṣe máa rí. Fikáyọ̀ á wọlé, ojú Màmá á tàn, irú títàn tí kò tàn fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti ń fọ aṣọ wọn. Ìwé náà á di ti àwa méjèèjì. Lọ́dọọdún, èmi àtòun á jọ dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹnìkan á sì tún sọ ọ́ pé ọmọ yìí ló kọ́ Ìyá Kíláàsì ní X. Mo ronú pé ẹni tó fọ aṣọ ló yẹ kó ni ìwé.

Mo gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo mi orí. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọlé.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ń bọ̀, Màmá."

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún béèrè. Mo ní ẹ̀rù Ìlọ́bù ló ń bà á.

"Ẹ̀rù kẹ̀?" Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé ọmọ Ìfọ́n lèmi náà. Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń sùn ní Ìlọ́bù, wọn ò tíì sè mí jẹ."

Lọ́sẹ̀ kẹta, Peter wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè. Mo tẹrí wálẹ̀, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Ó ní òun ò lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìlọ́bù láé. Ó ní kí n má pe òun mọ́."

"Fikáyọ̀?" ni Màmá wí. "Fikáyọ̀ tó kọ́ ọ ní ìṣirò?"

Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sé ọkàn mi pa.

"Òun náà ni, Màmá."

Peter dìde. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Èmi fúnra mi ló máa bá a sọ̀rọ̀."

"Jókòó," ni Màmá wí. "Ẹni tí kò bá fẹ́ wá, ẹ má fi ipá pè é." Wọ́n yíjú sí ògiri. Wọn ò yí i padà títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò sì jẹ ẹ̀kọ tí mo pò.

Ní gbogbo àkókò yìí, Fikáyọ̀ ń pe fóònù Màmá. Èmi ni mò ń gbé e.

"Ìyá Kíláàsì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn."

"Wọ́n ń sùn."

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí wọ́n ń sùn."

"Ṣé kí n jí aláìsàn nítorí rẹ ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ wá ni. Ọlọ́kadà kan wà ní Ẹ̀rìn, ó ní òun lè gba ẹ̀yìn oko gbé mi."

"Má wá o! Bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́nà, ṣé èmi ni ìyá rẹ máa wá bá? Ara Màmá ti yá. Wọn ò fẹ́ àlejò ni. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ fún ọ."

"Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni."

Ọmọ yìí ò sinmi. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí mi lórí fóònù: "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Báwo ni Màmá?" Èmi náà ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Màmá ti ń jẹun fúnra wọn. Màmá ti ń jókòó síta. Wọ́n ní kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu. Nínú ẹgbẹ́ náà, ohun kan náà ni mo kọ, pé Màmá ò fẹ́ àlejò, ogún ọwọ́ àdúrà sì tún dá mi lóhùn. Kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ wá wò ó bóyá òótọ́ ni.

Màmá kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Ọwọ́ òsì wọn wà lórí ìwé búlúù náà. Wọn ò fún mi. Títí tí ẹ̀mí fi bọ́, wọn ò fún mi.

Nígbà tí a ó fi sìnkú wọn, wọ́n ti dín kónílé-ó-gbélé kù, àwọn ènìyàn ti ń rìn. Lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èrò jókòó sábẹ́ àtíbàbà ní iwájú ilé Màmá. Wọ́n fi mí sí ìjókòó àwọn ẹbí. Mo di ìwé mú lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìdágbére tí mo fẹ́ kà lórúkọ kíláàsì wa. Mo ti kọ "ìfẹ́" síbẹ̀ lẹ́ẹ̀méje.

Peter dìde. Ìwé búlúù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi nǹkan kan lé ẹni tí kò fi ìyá òun sílẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń tún gèlè mi ṣe láti dìde ni mo rí Fàthíà tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, Fikáyọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan mọ́ àyà. Mo mọ ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Fikáyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Peter. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà. Fikáyọ̀ ni orúkọ mi. Màmá ló kọ́ mi."

"Ìwọ ni Fikáyọ̀?" Peter wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o kò lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìlọ́bù láé, ẹsẹ̀ ta lo yá wá lónìí?"

"Sà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi ránṣẹ́ pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta! O ní kí wọ́n má pe ìwọ mọ́. Ìgbà tí wọ́n wá kú tán, tí ìrẹsì jinná, lo rántí ọ̀nà."

Àwọn ènìyàn ti ń kùn. Obìnrin kan lẹ́yìn mi pòṣé. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì ń retí pé kí Fikáyọ̀ sunkún kó sì máa lọ. Ohun tí mò ń retí nìyẹn. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Kò sunkún. "Bùọ̀dá Peter, ẹ̀gbọ́n ni yín, ẹ lè bú mi. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n rán sí mi?"

Peter yíjú sí mi. Gbogbo àtíbàbà yíjú sí mi.

"Fikáyọ̀," ni mo wí, "jẹ́ ká má ṣe èyí níbi òkú."

"Ibí gan-an la ó ti ṣe é," ni Fàthíà wí. "Fikáyọ̀, mú fóònù rẹ wá."

Fàthíà ni Màmá máa ń ní kó kàwé sókè fún gbogbo kíláàsì, nítorí ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà. Ohùn yẹn kò tíì bàjẹ́. Ó kà á bó ṣe wà, ìbéèrè àti èsì. "Ọjọ́ Àìkú: 'Ẹ kú ọ̀sán, mà. Báwo ni Màmá?' Ìyá Kíláàsì dáhùn: 'Wọ́n ti ń jókòó síta. Wọn ò fẹ́ àlejò.' Ọjọ́ Ajé: 'Ẹ kú ọ̀sán, mà. Báwo ni Màmá? Ṣé mo lè wá?' Ìyá Kíláàsì dáhùn: 'Má wá. Wọ́n ti ń jẹun fúnra wọn. Wọ́n ní kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu.'"

"Ọjọ́ Ajé wo?" ni Peter béèrè.

Fàthíà sọ ọjọ́ náà fún un.

"Mi ò padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé yẹn," ni Peter wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi ni mò ń fi òwú kan omi sí ìyá mi lẹ́nu. Wọn ò lè gbé ọrùn."

Obìnrin tó pòṣé lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èyí ni wọ́n ń pè ní Ìyá Kíláàsì?" ni ó wí. "Irú kíláàsì wo?"

Mo wá ọ̀rọ̀ kiri, mo rí ọ̀kan. "Ààbò rẹ ni mò ń wò, Fikáyọ̀. Wàhálà ìlú—"

"Ìyá Kíláàsì," ni Fikáyọ̀ wí, "mi ò bi yín nípa ààbò mi. Mo bi yín pé báwo ni Màmá."

Mo wólẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Peter ò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin obìnrin yìí. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá mi. Ibi tí wọ́n ti so yín pọ̀ ni kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, lójú àwọn tí wọ́n ń kọ́." Ó ká ìwé búlúù náà sábẹ́ abíyá. "Màmá ní ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò rí méjì níbí."

Nígbà tí mo délé, Àṣírù ti gbọ́. Kò pariwo. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ọ̀kadà gbé ọ lọ," ni ó wí. "Ní òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé ohun tí o lọ kọ́ nìyẹn?"

Fàthíà dá àwọn ọmọ Ìfọ́n padà sínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì yọ mí. Ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan láti fi sọ ìdí rẹ̀. Ẹnìkan fi hàn mí lẹ́yìn náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ogún wọ̀nyẹn fi dá a lóhùn? Ọwọ́ àdúrà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà tí mo yọ àwọn aláìṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é nígbà tí wọ́n yọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo jẹ̀bi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi rù ú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí pẹ̀lú: ojú tí mo fi ń wo ara mi, kò sí bí mi ò ṣe ní fi wò wọ́n. Ẹgbẹ́ tí kì í béèrè ẹni tó sọnù kì í ṣe ẹgbẹ́. Èrò inú ọkọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tó kọ́ yín lóhun tí ẹ mọ̀ lónìí, ìgbà wo lẹ dárúkọ rẹ̀ kẹ́yìn? Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fò ó, ẹ dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irọ́ ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn kan tí mo ń sọ fún àwọn obìnrin, tí mo yọ ọmọ kan kúrò nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ti ọdún yìí ń jáde, ọ̀gá ilé-ìwé gbà kí n wá. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, máákà wà lápò wọn. Àwọn òbí láti Ìlọ́bù, láti Ìfọ́n, láti Ẹ̀rìn jókòó sẹ́yìn. Peter wà níbẹ̀. Fikáyọ̀ jókòó sí bẹ́ǹṣì kẹta, Fàthíà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gun orí pèpéle, mo sì kúnlẹ̀ kọjú sí ọmọ tí mo fi ọdún méjìdínlógún jù lọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé lanu, "Háà!" Mo dúró kí ariwo náà lọ sílẹ̀. Ohun tí mo sọ nìyí, bí mo ṣe sọ ọ́:

"Rísíkátù ni mí. Lórí bẹ́ǹṣì kẹta ní kíláàsì Màmá ni mo ti kọ́ ìṣirò. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ara mi. Fikáyọ̀, ọmọ Ìfọ́n, ló kọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ ìtàn mi ní ìlú yìí láìdárúkọ rẹ̀, olè ni mí.

"Mo yọ àwọn ọmọ Ìfọ́n mẹ́tàdínlógún kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọn ò ṣẹ̀ mí. Mo bẹ̀ yín. Bùọ̀dá Peter, mo jẹ́ kí ìyá yín yíjú sí ògiri nítorí irọ́. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ kò bá sì gbà, ẹ kò ṣẹ̀.

"Fikáyọ̀, mi ò ní kí o dárí jì mí. Mo jẹ ọ́ ní èsì kan ni. Ojoojúmọ́ lo bi mí, ojoojúmọ́ ni mo sì parọ́ fún ọ. Ìwọ béèrè pé báwo ni Màmá. Èsì rẹ nìyí, lójú gbogbo ènìyàn: Màmá ò gbádùn. Màmá ń béèrè rẹ. Màmá ní kí o máa bọ̀."